Ọ̀gá Àná àti Ẹnu Rẹ̀

Láàárín àwọn ẹ̀dá tí ó ń gbé inú ilé-iṣẹ́ ìlú Èkó, láti Ìkẹjà dé Erékùṣù, ọ̀kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ dunjú, ṣùgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ìṣàkóso kò tíì yọ̀ǹda orí kan fún nínú ìwé wọn. Òun ni Ọ̀gá Àná, ìyẹn ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ ti fi sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí òun kò tíì fi òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Ẹnu rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ yìí ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, òun ni ó ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, òun ni àwọn oníbàárà ń pè lọ́jọ́ Àìkú, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù rẹ̀ lè má wọlé títí oṣù mìíràn yóò fi dé ìdajì. Ọjọ́ tí ó kọ ìwé ìfipòsílẹ̀, èyí tí í ṣe lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ fi ń sọ fún agbanisíṣẹ́ pé òun ń lọ, ni ojú Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí gbogbo àléébù rẹ̀. Ẹni tí ó fi ọdún 6 tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí owó ni ọwọ́ rẹ̀ kò wá mọ́ mọ́. Ẹni tí wọ́n gba ènìyàn mẹ́ta láti rọ́pò rẹ̀ ni ó di ọ̀lẹ. Ẹni tí kò sì mọ nǹkan kan ni ó tún kó gbogbo àṣírí iṣẹ́ lọ.

Ọ̀gá Àná kì í bú ènìyàn ní gbangba, nítorí pé àgbà ni. Bí ilé-iṣẹ́ tuntun bá pè é lórí fóònù láti béèrè ìwà onítọ̀hún, yóò kọ́kọ́ dákẹ́, yóò ní kí ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ òun jáde kí ó sì pa ilẹ̀kùn dé, yóò wá mí kanlẹ̀, yóò sì sọ pé: “Hùn. Ẹnu mi kọ́ ni ẹ ti máa gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́ o.” Lẹ́yìn gbólóhùn yìí, ogún ìṣẹ́jú ni yóò fi ṣàlàyé irú àjẹ́ tí ìyá ọba jẹ́ àti igi tí ó máa ń bà lé lóru. Àdúrà ni yóò fi kádìí rẹ̀: “Ọmọ mi náà ṣì ni o, Ọlọ́run á bá wa tún un ṣe.” Ohun tí ó ṣẹ́kù yóò di ti òde ìgbéyàwó, níbi tí ó ti ń sọ ọ́ láàárín ẹran àti ọtí, àti ti sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, níbi tí ó ti ń ṣépè fún “àwọn aláìmoore kan” tí gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ orúkọ wọn.

Ohun tí ó fa ìwà yìí kò ṣòro láti rí. Ní ojú rẹ̀, owó oṣù kì í ṣe owó iṣẹ́, àánú ni. Ó tún da òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọmọ-iṣẹ́, ìyẹn ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí ó sì gbọ́dọ̀ ṣe fírídọ́ọ̀mù, ayẹyẹ tí ọ̀gá ti máa ń gbàdúrà fún un kí ó tó dá dúró. Níwọ̀n bí òṣìṣẹ́ náà kò ti kúnlẹ̀ gba àdúrà, ó gbà pé ńṣe ni ó sá lọ.

Òfin kò mọ ìkúnlẹ̀ yìí. Ìfilọ̀, ìyẹn kí a sọ ṣáájú pé a ń lọ, ni abala 11 Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí òfin náà kàn: ọjọ́ 1 fún ẹni tí kò tíì lò ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 5, àti oṣù 1 fún ẹni tí ó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà kan náà ni ó de ọ̀gá tí ó bá fẹ́ dá òṣìṣẹ́ dúró. Òfin ìbanilórúkọjẹ́ sì dáàbò bo agbanisíṣẹ́ tí ó bá fi òótọ́ inú dáhùn ìbéèrè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ààbò náà ń pòórá bí arankàn bá wọ ọ̀rọ̀ náà, kò sì dé òde ìgbéyàwó rárá.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń lọ tọ́jú ẹ̀dà ìwé ìfipòsílẹ̀ rẹ̀ àti ìwé tí ó fi hàn pé ó fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ó sì pa ẹnu mọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá ń bú Ọ̀gá Àná padà ti di ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ti agbanisíṣẹ́ tí ó pè é lórí fóònù, ìbéèrè kan péré ni kí ó bi í: nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ta ni ó sọ ní rere? Bí kò bá rí ẹyọ kan dárúkọ, ìwà ọ̀gá ni agbanisíṣẹ́ náà gbọ́, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́.