Bátìrì Kún, Ilé Ṣú

Ní àwọn ẹ́sítéètì Lokogoma, l'Abuja, òrùlé tí kò ní pánẹ́ẹ̀lì sólà ti ń di ohun ìtìjú. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, baálé ilé a yọjú wo ínfátà: 14.4 fólìtì! Ó ti kún! Kíá, ẹ tan amúlétutù, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù jáde.

Kó tó di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ilé ti ṣú dùdù.

Bátìrì kò purọ́; wọn kò bi í lásìkò tó yẹ ni. Bí iná sólà bá ń wọnú rẹ̀, fólìtì a fò sókè. Bí fíríìjì bá ń fà á, a já wálẹ̀. Bátìrì olómi 12 fólìtì gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí díẹ̀ kó tó jẹ́wọ́: nǹkan bíi 12.7, ó kún, 12.2, ó ti tó ìdajì.

Lítíọ́mù ló gbọ́n jù. A rọ̀ mọ́ nǹkan bíi 13.2 bíi ajigbèsè tó ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a dákú lójijì.

Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni shunt, tí wọ́n ń so mọ́ wáyà nẹ́gátíìfù láti ka iná tó wọlé àtèyí tó jáde. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti bátìrì tuntun, àmọ́ kò ṣeé fi ṣe fáárí fún àlejò.