Ẹ Yé Wẹ Ṣílè Bàbá Yín Mọ́

Ẹ̀yin ará Adó-Àwáyè, ẹ fẹ́ràn kí nǹkan máa dán o! Bàtà ń dán, ọ̀kadà ń dán, ìkòkò ọbẹ̀ Àlhájà ń dán ju orí ọkọ wọn lọ, a ò sì wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ mú ṣílè tí ìyá àgbà so mọ́ etí aṣọ láti ayé Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún, ẹ fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ gbo ó, ẹ wá ní kí òyìnbó gbé mílíọ̀nù wá. Mílíọ̀nù wo? Èyí tó bá omi ọṣẹ lọ?

Ọ̀rẹ́ mi kan, télọ̀ nísàlẹ̀ òkè, fẹ́ ta tirẹ̀ fún àwọn àlejò tó ń gun àpáta wá wo adágún. Áńkáṣíìfù mẹ́ta ló fi wé e. Ó pupa yòò. “Wúrà ni,” ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo wo ọdún ara rẹ̀: 1936. Háà! 1913 ni ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ṣílè fàdákà wá fún wa, ojúlówó, ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1920 tí fàdákà gbówó lórí, wọ́n yí i sí idẹ tí wọ́n pò mọ́ tánńganran. Idẹ ni télọ̀ wé bí ọmọ tuntun.

Ká tiẹ̀ ní ti 1913 ni, onígi ọ̀pẹ, tí lẹ́tà H ilé Heaton ní Birmingham wà lára rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í béèrè bó ṣe ń dán. Bí wọ́n ṣe lù ú ni wọ́n ń wò. Òǹtẹ̀ irin kan wà lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, fàdákà pẹlẹbẹ láàárín. Bí ẹ̀rọ bá gbá a dáadáa, fàdákà á wọ gbogbo kòtò òǹtẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí agbára rẹ̀ ò bá tó, tàbí tí òǹtẹ̀ ti gbó, á rí bí ìwé káńsù tí tàdáwà gbẹ lójú òǹtẹ̀ rẹ̀: Ọba wà níbẹ̀, àfi kẹ́ ẹ gbà á gbọ́.

Télọ̀ ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni tòun, wọn ò lù ú dáadáa ni, ẹnikẹ́ni ò ná an rí. Irọ́! Ẹ gbé e sábẹ́ iná, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ibi tí òǹtẹ̀ ò dé, ìtànṣán á ṣì máa sáré kiri lórí rẹ̀. Ibi tí àtàǹpàkò àwọn alájàpá ti jẹ ẹ́, á ṣú.

Láti 1949 ni Sheldon, ará Amẹ́ríkà, ti fi òṣùwọ̀n 1 dé 70 lélẹ̀ fún bí owó irin ṣe rí. Láti 60 lọ sókè ni èyí tí ọjà ò tíì jẹ lára. Àwọn ilé-iṣẹ́ PCGS àti NGC ń fi í díwọ̀n owó, wọ́n ń dé e mọ́nú ike. Èyí tẹ́ ẹ bá ti fi eérú gbo, wọn ò ní fún un ní nọ́ńbà. Wọ́n á kọ ọ́ sára ike pé ẹ ti fọ̀ ọ́, kí gbogbo ayé rí i.

Àwọn kan tiẹ̀ lu tiwọn níhò, kí wọ́n lè fi kọ́ ọmọ lọ́rùn. Wọ́n ní ṣebí kọ́bọ̀ àtijọ́ náà níhò. Kọ́bọ̀ gbé ihò tirẹ̀ wá láti ìlú ọba ni. Ìṣó ló pàdé ṣílè l'Ádó.

Télọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó tún un wé. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má tíì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, torí àna òun kan ní Ìṣẹ́yìn ti san àsansílẹ̀ lórí wúrà náà.