Lẹ́tà sí ọmọ Sùúrùlérè tí kò ní sùúrù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọ̀gá Gírámà ti Lawanson,

Màmá ní o ti ra kóòtù ní Yábàá. Wọ́n ní dúdú ni, pé abẹ́ òkìtì òkìrìkà lo ti tú u jáde, pé o ná an títí tí ìyá tó ń tà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ ní "ọmọ mi". Wọ́n ní láti ọjọ́ Àìkú lo ti ń gbé e wọ̀ nínú pálọ̀, tí o ń bọ dígí lọ́wọ́ bí ẹni tó ń kí mánéjà. Báńkì tí o kò tíì ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀! Ṣé kóòtù ni yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé ni, àbí ìwọ?

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí n kò kọ lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ sí ọ. Ìwọ náà kì í sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Lọ́jọ́ tí a jọ wọ dáńfó láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Yábàá, gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́ nígbà tí o sọ fún kọ̀ńdọ́ pé "notwithstanding the exigencies of your occupation", kí ó fún ọ ní ṣéńjì rẹ. Kọ̀ńdọ́ wò ọ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Sábó lẹ ti ń bọ́ọ́lẹ̀ ni àbí Alágoméjì?" Èmi ni mo fi Yorùbá gba igba náírà rẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí lẹ́tà yìí sílẹ̀.

Màmá tún sọ pé o ti ń há díkíṣọ́nárì sórí, pé o ti parí A, B, C, o sì ti wọ D. O kú iṣẹ́ o. Tí báńkì bá lè dákun bi ọ́ ní kìkì ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti A dé D, a jẹ́ pé o ti di mánéjà.

Jẹ́ kí n rán ọ létí aládùúgbò wa kan. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé ní ojú ọ̀nà Agége Mótò Róòdù, nítòsí Moṣáláṣí, kí àwọn sójà tó dáná sun ilé náà ní February 1977. Òun ló ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ "Mr. Grammarticalogylisationalism Is the Boss", tó fi irú yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ń bí i nínú ni pé ẹni tó bá mọ gẹ̀ẹ́sì pè jù ló ń jókòó sórí àga ọ̀gá, tó ń gba owó ọ̀gá. Bó o bá gbé ayé nígbà yẹn, bóyá gírámà rẹ ìbá ti fún ọ ní àga. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń bi èèyàn ní ìbéèrè báyìí, kọ̀ǹpútà kò sì ní etí. Kò ní gbọ́ fọ́nẹ́ tí o ń ti inú imú sọ. Kò ní gbọ́ "H" tí o máa ń dá sílẹ̀ níbi tó wà, tí o sì máa ń he níbi tí kò sí. Kò tilẹ̀ ní fún ọ láàyè láti kọ gbólóhùn kan. Ìdáhùn ni yóò tò síwájú rẹ, ìwọ á tẹ ọ̀kan, á sì máa ka ìṣẹ́jú mọ́ ọ lójú.

Mo mọ̀ pé o gba B3 nínú gẹ̀ẹ́sì WAEC. Ta ni kò mọ̀ ní Lawanson? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àgbà WAEC Nàìjíríà ní Yábàá gan-an yóò ti gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n WAEC ń fún ọ ní àkókò láti kọ àròkọ, kí o da ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí o sì tún un ṣà. Irú ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ Dragnet ń ṣe fún àwọn agbanisíṣẹ́ níbí, tàbí tí SHL, ilé-iṣẹ́ tí Peter Saville àti Roger Holdsworth dá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1977, ń ṣe káàkiri ayé, yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n á fún ọ ní àyọkà kúkúrú. Wọ́n á sọ gbólóhùn kan lé e lórí. Wọ́n á ní kí o yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: òótọ́ ni, irọ́ ni, tàbí a ò lè sọ. Ìbéèrè kan lè máà ní tó ìṣẹ́jú kan.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ ti ń bà mí. Láti ìgbà tí a ti bí ọ, n kò gbọ́ ọ kí o sọ pé "a ò lè sọ" rí.

Jẹ́ ká dán an wò. Èmi ni mo kọ àyọkà yìí, nítorí náà o kò lè rí i nínú "expo" tí o fi 2,000 náírà rà lórí WhatsApp:

"Ní July 2004, Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, kéde pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní owó ìdókòwò bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Bílíọ̀nù 2 náírà ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Àwọn kan para pọ̀ di ọ̀kan, àwọn kan kò sì rí owó náà kó jọ. Nígbà tí gbèdéke pé, báńkì 25 ló kù."

Ìkíní: Owó tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ báńkì kọ̀ọ̀kan fi ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ sókè. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó sọ "ìlọ́po" nínú àyọkà, ṣùgbọ́n 25 àti 2 wà níbẹ̀, ìṣirò ló kù.

Ìkejì: Gbogbo báńkì tí kò sí mọ́ lẹ́yìn gbèdéke ni kò rí owó kó jọ. O ti fẹ́ tẹ òótọ́, àbí? Irọ́ ni. Àwọn kan para pọ̀ ni. "Àwọn kan" ló pa ọ́ níbẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló ń pa ẹni tó ń ṣe ìdánwò ní gẹ̀ẹ́sì: "some", "only", "most", "may", "unless". Kò sí èyí tó ṣòro pè nínú wọn, kò sí èyí tí wọ́n á gbọ́ nínú dáńfó kí wọ́n yẹ́ ọ sí. Ìwọ sì rèé, D lo ṣì wà. S jìnnà o.

Ìkẹta: Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ báńkì pàdánù iṣẹ́ wọn.

Mo ń gbọ́ ohùn rẹ láti ibí. "Òótọ́ ni! Àǹtí, ṣé ẹ ti gbàgbé Bọ̀ọ̀dá Múṣin ni?" N kò gbàgbé. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn lọ́jọ́ tí báńkì dá wọn dúró, tí wọ́n gbé páálí wálé, tí bíírò, fọ́tò ìgbéyàwó wọn àti ife tíì wà nínú rẹ̀. Mo rántí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń de táì láràárọ̀ tí wọn kò rí ibì kankan lọ, kí ọ̀rẹ́ wọn tó mú wọn lọ sí ọjà Ládípọ̀ láti máa ta páàtì mọ́tò. Mo mọ̀. Ìwọ náà mọ̀. Kọ̀ǹpútà ni kò mọ Bọ̀ọ̀dá Múṣin. Àyọkà kò sọ̀rọ̀ nípa òṣìṣẹ́ kankan. A ò lè sọ.

Ohun tó ń gbé ọ ṣubú nìyẹn, kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì. O mọ ohun púpọ̀, o sì máa ń gbé gbogbo rẹ̀ wọ yàrá ìdánwò. Ìdánwò yìí kò bi ọ́ ní ohun tí o mọ̀. Ohun tó wà nínú ìwé ló ń bi ọ́. Àwọn bàbá wa tí kò rí báńkì rí mọ ọgbọ́n yìí. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́ lè mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé Làmídì kì í ṣe ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ níwájú rẹ̀ pé Làmídì ló jí ewúrẹ́, yóò dákẹ́, yóò ní kí wọ́n lọ pe ẹlẹ́rìí wá. "A ò lè sọ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè. Ìdájọ́ àgbà ni.

Ṣé o fẹ́ mọ bí mo ṣe mọ̀? Èmi náà lọ ṣe irú ìdánwò yìí fún báńkì kan rí, kí n tó di olùkọ́. Mo dáhùn bí ẹlẹ́rìí tí inú ń bí: òótọ́, òótọ́, irọ́, òótọ́. Mo jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, mo tilẹ̀ ra gúgúrú fún àwọn tó wà ní ibùdókọ̀. Títí di òní, báńkì náà kò pè mí.

Ó tún ku apá kejì, níbi tí wọ́n á ti ní kí o wá àṣìṣe inú gbólóhùn. Èdè tí a mu mọ́ wàrà ló ń dẹ pańpẹ́ fún wa níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í pààrọ̀ aṣọ nítorí ẹni tó ń ṣe é: mo lọ, ó lọ, wọ́n lọ. Ti gẹ̀ẹ́sì máa ń pààrọ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ pé "one of the cashiers have resigned", ojú rẹ á rí "cashiers", ọkàn rẹ á sì balẹ̀. Wá ẹni tó ni iṣẹ́ náà: "one" ni, kì í ṣe gbogbo wọn, "has" ló yẹ kó wà níbẹ̀. "Ó" tiwa kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, ìdí nìyẹn tí Màmá fi máa ń pe pásítọ̀ ní "she", tí pásítọ̀ náà sì ń dáhùn. A lè fi "àwọn" síwájú ohunkóhun, la ṣe ń kọ "informations", "equipments" àti "furnitures". A máa ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan, la ṣe ń "discuss about" rẹ̀. A máa ń béèrè fún nǹkan, la ṣe ń kọ "we request for". Òórùn, gbígbọ́ là ń gbọ́ ọ, ni ìwọ náà bá ní "I am hearing the smell of dodo". Dòdò náà yóò máa rò ó pé òun kọrin ni.

Má ṣe jẹ́ kí ojú tì ọ́. Kò sí èyí tó burú nínú àwọn àṣà Yorùbá wọ̀nyí. Wọ́n kàn wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwọn ni. Bí o bá mọ ibi tí wọ́n ti wá, wàá mọ ibi tí wàá ti dá wọn dúró. Kó ogún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé kan, kí o sì kọ ìdí tí Yorùbá fi tì ọ́ síbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn yóò wúlò fún ọ ju odindi D lọ.

Ohun tí o máa ṣe títí di Sátidé kò pọ̀. Lálaalẹ́, ka ọ̀rọ̀ olóòtú kan nínú ìwé ìròyìn. Kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa rẹ̀: òótọ́ kan, irọ́ kan, àti ọ̀kan tí a ò lè sọ. Ẹ̀kẹta yìí ló máa fún ọ ní wàhálà jù, òun náà ló máa kọ́ ọ jù. Lẹ́yìn náà, fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú kan lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé kí o sáré kàwé o. Àyọkà ni kí o fi sùúrù kà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó sáré kà á lẹ́ẹ̀kan yóò padà kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí NEPA bá mú iná lọ, tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo àdúgbò ń pè ní "I better pass my neighbour". Orúkọ rere lọ́sẹ̀ ìdánwò ni, àmọ́ òun nìkan kò lè bá ọ "pass" ohunkóhun.

Ó tó gẹ́ẹ́. Kí n tó fọwọ́ sí i, dáhùn ìbéèrè mẹ́ta nípa lẹ́tà yìí.

Ìkíní: Báńkì tí ẹni tó kọ lẹ́tà yìí lọ ṣe ìdánwò rẹ̀ ti pè é. Irọ́ ni, o ti kà á lókè.

Ìkejì: Kóòtù náà dára lára rẹ. A ò lè sọ. Màmá kò sọ ìyẹn, n kò sì tíì rí i.

Ìkẹta: Àbúrò mi yóò yege lọ́jọ́ Sátidé. Má ṣe tẹ nǹkan kan. Padà lọ sókè, kí o fi sùúrù ka lẹ́tà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o wá ibi tí mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá ń wá a tí o kò rí i, tí ẹnu rẹ sì gbà láti sọ pé "a ò lè sọ", tẹ̀ mí láago. Èmi ni màá lọ bá ọ ra táì.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ ní Múṣin.