Ta Ló Ni Òfin Wọ́ọ̀tì Gan-an?

Ládùúgbò wa ní Ọ̀yọ́, bí wọ́n bá fi 2 kọlù ọ́ nídìí káàdì Wọ́ọ̀tì, tí ìwọ náà ní 2 lọ́wọ́, jù ú sílẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé ọ ni yóò mú mẹ́rin. Nílé àwọn àna mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, èèwọ̀ ni. Wàá mú méjì tìrẹ, wàá tún mú méjì owó ìtanràn. Ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan àti díẹ̀ ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Ibo gan-an lójú ọ̀nà ni òfin ti yí padà?

Òyìnbó William Henry Storey ló gbé eré yìí jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1935. Káàdì 54 ni: sákù, áńgù, kúrọ́ọ̀sì, kápẹ́ẹ̀tì, sítáà, àti 20 márùn-ún. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ó kàn jẹ́ pé ti àwọn àna mi kò pé 54.

Iléyá tó kọjá ni wọ́n gbé ìdíje kalẹ̀, itan àgbò ni ẹ̀bùn. Ẹni tó ni káàdì ni adájọ́. Adájọ́ náà sì ń ta. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Áńgù 10 wọn ti sọnù, wọ́n wá gé páálí indomie, wọ́n fi báírò ya igun mẹ́ta sí i. Mo rọra béèrè pé, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé eléyìí náà bófin mu?"

"Àna wa, ó ti pẹ́ nílé yìí jù yín lọ."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀yìn páálí yẹn, àwòrán ààbọ̀ ẹyin sísè ló wà níbẹ̀. Bó bá wà lọ́wọ́ rẹ, gbogbo agbo ló mọ̀. Bó bá wà lókè ọjà, ìyẹn ìdì káàdì tí à ń fà, gbogbo ojú á wà lára ẹni tó fẹ́ lọ sọ́jà.

Àwọn tó ń ta Magic, eré káàdì tí Richard Garfield gbé jáde lọ́dún 1993, ní àwọn adájọ́ tó yege ìdánwò, wọ́n ní ìwé òfin tó ju 200 ojú-ìwé lọ, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn káàdì tí wọ́n fòfin dè sílẹ̀. Káàdì tó bá ní àmì lẹ́yìn lè mú kí wọ́n lé èèyàn kúrò nídìí ìdíje. Kí wọ́n wá wo ẹyin Ògbómọ̀ṣọ́.

Eré káàdì Uno ńkọ́? Lọ́dún 2019, àwọn tó ni ín jáde sọ ní gbangba pé ẹni tí wọ́n bá ní kó mú mẹ́rin, kó mú mẹ́rin rẹ̀, kó má gbé e ka ẹlòmíì lórí. Àwọn èèyàn fárí gá, ṣùgbọ́n wọ́n rí ẹni bínú sí. (Mo mọ̀ pé ìdájọ́ yẹn jọ ti àwọn àna mi. Uno kọ́ là ń ta.) Èmi, ta ni mo fẹ́ bínú sí? Ẹni tí mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?

Ó wá ku káàdì kan lọ́wọ́ mi. Mo ti pe "láàsì káàdì" kí wọ́n tó rántí. Mo gbé 20 lélẹ̀, mo pe "ṣẹ́ẹ̀kì ọ́ọ̀pù", mo ti ń wo itan àgbò. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi nawọ́ sókè: nílé yìí, wọn kì í fi 20 parí eré. Ìgbà wo ni wọ́n ṣe òfin náà? Ọjọ́ tó ti pẹ́. Ta ló gbọ́ ọ? Gbogbo wọn.

Mo padà sọ́jà. Kí ni mo fà? Sítáà 8. Ọjà tán, a ka káàdì, 8 mi di 16, torí wọ́n ní sítáà ìlọ́po méjì ni. Ìyẹn nìkan ni òfin tí ìlú méjèèjì fẹnu kò sí, èmi náà ló sì bá.

Ẹni tó kọ́kọ́ pariwo "Ẹ lọ sọ́jà!" nígbà tí mo gbé 20 yẹn sílẹ̀, ìyàwó mi ni. Ọ̀yọ́ la jọ ń gbé, ó sì ti fi 20 parí eré mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Mo bi í lálẹ́. Ó ní ilé ọkọ nìyẹn, ilé bàbá òun nìyí.