Ògògà Gba Àga, Ẹ̀yin Ń Retí Kúlà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ ń dáwó jọ fún òyìnbó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó lè lọ ṣe ohun tí kò tíì ṣe, ẹ kú ìnáwó o. Ìyá oníṣu ọjà wa kì í rí kọ́bọ̀ yín àfi tí ẹ bá yí iṣu síwá-sẹ́yìn, tí ẹ ní ó ti fẹ́ jẹrà. Ọmọ Amẹ́ríkà kan ya àwòrán kúlà, ẹ ti ka nọ́ńbà káàdì báńkì fún un.

Kúlà náà kì í ṣe àlọ́. Lọ́dún 2014, ẹnì kan gbé Coolest Cooler síta lórí Kickstarter, ìkànnì ìdáwójọ: kúlà tó ní bùlẹ́ńdà àti sípíkà, tó tún ń ṣáájì fóònù. Èèyàn tó lé ní 62,000 dáwó sí i, owó náà ju mílíọ̀nù 13 dọ́là lọ. Nígbà tó yá, kúlà bọ́ sórí àtẹ Amazon. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń rà á lọ, àwọn tó fowó wọn bí i ń wòran. Wọ́n tún ní kí ẹni tó bá ń kánjú san dọ́là 97 sí i, kí tirẹ̀ lè tètè dé. Ní 2019, ilé iṣẹ́ kógbá wọlé, wọ́n ní owó orí tí Amẹ́ríkà bù lé ẹrù Ṣáínà ló fà á. Nǹkan bí 20,000 èèyàn kò rí kúlà, áńbèlètasé omi tútù. Kickstarter kò kúkú tan ẹnikẹ́ni. Ó ti ń pariwo tipẹ́ pé òun kì í ṣe ìsọ̀.

Ká tilẹ̀ ní ó dé. Aṣọ́bodè gba tirẹ̀ l'Ékòó, ẹrù bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, ó di wébíìlì. Bọ́ọ̀sì Àdó gba Àkúrẹ́ wọ Ìkẹ́rẹ́, ó kọjá níwájú ilé yín gan-an, kò dúró. "Ẹ̀gbọ́n, Àdó ni wọ́n kọ sí i lára o, ẹ wá gbé e ní gáréèjì." Ẹ ó wọkọ̀ lọ Àdó, ẹ ó sì san owó ọkọ̀ kúlà padà wá síbi tó ti kọjá láàárọ̀. Ti ará Ìsẹ̀ àti Emùré, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́. Ọlọ́kadà ń dúró dè wọ́n.

Òwò àwa àti òyìnbó ti pẹ́. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ó fi òyìnbó sí i: àwọn kan gbé e, àwọn kan ru ẹrù tẹ̀ lé e. Ẹ wo ẹni tí owó ẹrù ti wà lọ́rùn rẹ̀ látijọ́! Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ní Wembley. Ó wọ British Museum lójú. Kábíyèsí ò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pààrọ̀. N ò ní Kábíyèsí jèrè o. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, fisà ni ọmọ Ìkẹ́rẹ́ máa gbà kó tó lọ wò ó. Àmọ́, ó kéré tán, wọ́n rí nǹkan jókòó lé.

Ká padà sórí ìdáwójọ. Ní 2021, SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò, ṣòfin fún irú èyí tó ń lérè ní ilẹ̀ wa níbí: mẹ̀kúnnù kò gbọdọ̀ fi ju ìdá mẹ́wàá owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sí i. Ìdá mẹ́wàá kẹ̀? L'Ékìtì? Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn ará Abùjá pé pásítọ̀ ti gba ìyẹn?