Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Fúyẹ́ Yìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Àwọn ará Èkó fẹ́ fi ohun tó fúyẹ́ pa mí.

Ahunṣọ ni mí ní Ìsẹ́yìn níbí, ìdí òfì ni wọ́n bí mi sí. Tí ẹnì kan bá mọ bí aṣọ ṣe ń wúwo, tó mọ òwú tó lágbára yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń dán lójú, èmi ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì l'Ékòó ti di ẹni tí ń gun òkè kiri, tó tún ń tukọ̀ lójú omi láìpẹja, láìsọdá síbì kankan, n kò sinmi mọ́. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a kó ara wọn wá sí Òkè-Ògùn, wọn a ní kí n mú àwọn mọ̀nà. Gbogbo ìgbà ló sì máa ń wí fún mi pé, “Bàbá Ìsẹ́yìn, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹrù wa fúyẹ́.”

Fúyẹ́ kẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìṣirò wọn fún yín, torí ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì ọ̀hún wà. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Ray Jardine, tó kọ ìwé ní 1992 fún àwọn tí ń rin ọ̀nà gígùn Pacific Crest Trail. Òun wà lára àwọn tó mú káyé gbà pé ẹrù ẹ̀yìn ẹni tó mọ ìrìn rìn kò yẹ kó ju kìlógíráàmù 4.5 lọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n wọn kì í ka oúnjẹ mọ́ ọn. Wọn kì í ka gáàsì. Wọn kì í ka omi! Ó dà bí àwọn àna tó ní àwọn ò gbowó orí, àwọn ò tọ́mọ láti tà, kí wọ́n tó wá na ìwé ẹrù ìyàwó síni, tí iṣu, epo àti oyin tò lọ títí dé ẹ̀yìn ìwé.

Níhìn-ín, lóṣù Èrèlé, tí ọyẹ́ ti ń lọ tí oòrùn sì ti gba ilé dúró, omi ni ẹrù. Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan ni, kò sí ọgbọ́n òyìnbó tó lè dín in kù. Ẹni tó bá fẹ́ rìn nínú ọ̀dàn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí kò mú tó lítà 4 dání, ó ń wá ìdààmú fún àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Àpò píọ̀ wọ́tà kan, ọ̀rá 20 ló wà nínú rẹ̀, sẹ̀ǹtílítà 50 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kìlógíráàmù 10 nìyẹn. Orí ta lẹ rò pé ó wà nígbà tí àwọn tó mọ ìrìn rìn ń ju apá lọ níwájú?

Ti owó ló tún wá burú. Lọ́dọ̀ tiwa, bí mo bá dín òwú kù lára aṣọ, oníbàárà á ní kí n dín owó kù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní tiwọn, bí nǹkan ṣe ń dín ni owó ń gòkè. Àgọ́ kan tí ọmọ àbúrò mi fi hàn mí kò tó kìlógíráàmù kan, owó rẹ̀ lé ní 600 dọ́là. Mo na aṣọ rẹ̀ sí oòrùn, mo rí ìka mi lódìkejì. Mo bi í léèrè pé ẹni tó hun èyí, ṣé wọ́n jẹ ẹ́ lówó ni? Ó ní kí ó lè fúyẹ́ ni. Ó sì fúyẹ́ lóòótọ́: ẹ̀gún àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀ òkè Adó-Àwáyè ló kí i káàbọ̀. Ilẹ̀ wa kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì. Òkúta wà níbẹ̀, èkan wà níbẹ̀, ikán náà wà níbẹ̀, ikán ò sì mọ dọ́là. (Kí n má parọ́, àrùn yìí ti ń ran àwọn oníbàárà tèmi náà. Sányán tí àwọn baba wa hun, tí ọmọ ń jogún, ìyàwó ìsinsìnyí á ní ó ń mú òun lóoru, òun fẹ́ èyí tó fúyẹ́, tó ń kọ mànà. Mo ń hun ún. Kí ni n ó jẹ?)

Wọ́n tún ní àpò ìsùn tí wọ́n fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kún, tí wọ́n ní ó ń gbani lọ́wọ́ yìnyín. Yìnyín wo? Lóṣù Ẹrẹ́nà, ẹni tó sùn síta n'Ísẹ́yìn, abẹ̀bẹ̀ ló ń wá. Bí ọyẹ́ bá tilẹ̀ mú, kíjìpá kan ti tó. Sítóòfù wọn kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ó wuyì, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé gáàsì tó ń lò wọ bàlúù, n kò sì rí i tà lọ́jà wa. La bá to òkúta mẹ́ta. Ìkòkò titanium náà fẹ́lẹ́ débi pé ìrẹsì jóná nísàlẹ̀, ó sì ń ta kókó lókè. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo po gàrí mi, mo da kúlíkúlí sí i. Kò sẹ́ni tó bi mí pé gíráàmù mélòó ni.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìtàn wọn tí mo fẹ́ràn. Emma Gatewood lorúkọ rẹ̀. Ní 1955, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 67, ọlọ́mọ 11, ìyá yìí dá fẹsẹ̀ rin Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó lé ní kìlómítà 3,000. Àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká, ìkélé oníke ti balùwẹ̀ ló fi ń gbòjò, bàtà kanfáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò gbé àgọ́, kò gbé àpò ìsùn. Ọmọ àbúrò mi ló sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ débi pé omi lé sí i lójú. Bàtà tó wọ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, owó rẹ̀ á ra ewúrẹ́ méjì.

Ẹ jẹ́ ká bára wa sòótọ́. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, gba ilẹ̀ Yorùbá wọ Ọ̀yọ́-Ilé lóṣù Ṣẹẹrẹ 1826, ta ló ń wọn ẹrù rẹ̀? Orí alárù ni gbogbo rẹ̀ wà. Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ gba Kìṣí kọjá ní 1830 lọ sí Bùsà, wọ́n sì wọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lójú odò Ọya títí dé etíkun. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ru ẹrù, àwọn náà ló tukọ̀, orúkọ Lander ló wọ ìwé ìtàn. Èrò tèmi ni pé ọjọ́ tí alárù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó gidi ni òyìnbó tó mọ̀ pé ẹrù ń wúwo.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fi pa mọ́ sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọkọ̀ rọ́bà wá, èyí tí wọ́n ń ká sínú àpò tí wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Kìlógíráàmù bíi 3 ni, owó rẹ̀ lé ní 1,000 dọ́là. Ó gbé e gun gbogbo àtẹ̀gùn 369 tó wà ní Adó-Àwáyè, ó ní òun fẹ́ tukọ̀ lórí Ìyàkẹ́. Ìyàkẹ́! Adágún orí òkè tí àwọn àgbà ní kò nísàlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í ki ẹsẹ̀ bọ̀! Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ bẹ àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀. Èmi tí mo ti rí ọmọọmọ.

La bá kó lọ sí Ìkéré, níbi tí wọ́n ti fi dáàmù dí odò Ògùn, tí wọ́n sì ti ṣèlérí iná mẹ́gáwáàtì 6 fún wa. (Ti iná yẹn, ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn kan tó èèyàn lóòjọ́.) Ibẹ̀ ni mo ti bínú tòótọ́. Ọ̀gbẹ́ni yìí gé ìdí búrọ́ọ̀ṣì eyín rẹ̀ kí ẹrù lè fúyẹ́, ó gbé spíkà olórin wá, ó sì fi jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sílẹ̀ l'Ékòó. Ó ní ó gbàyè. Mo ní kò ní wọ odò. A jókòó sétí omi títí wọ́n fi rí ọ̀kan yá. Nígbà tó wá wọ̀ ọ́ tán, ọkọ̀ náà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń darí rẹ̀ ju àjẹ̀ lọ. Apẹja kan tó wà nínú ọkọ̀ pákó tó ti gbó ló lọ fà á wá sétí odò. Ó gbowó. Inú mi dùn pé ó gbowó.

Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ fúyẹ́ kì í ṣe àjèjì sí odò Ògùn. Kí afárá tó dé, igbá ńlá ni wọ́n fi ń sọdá bí odò bá kún: arìnrìn-àjò á gbá igbá mọ́ àyà, ẹrù rẹ̀ á wà lókè, ẹni tó ń mú un sọdá á lúwẹ̀ẹ́, á máa tì í lọ. Àwọn míṣọ́nnárì tó wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún rí i, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, igbá ṣì ni apẹja ń gbé bẹ́ sódò títí dòní. Oko la ti ń ká igbá. Kò gba fífẹ́. Bó bá sì fọ́, àkúfọ́ rẹ̀ ṣeé fi bu oúnjẹ adìẹ.

Ọ̀nà àbọ̀ la wà tí ọmọkùnrin Fúlàní kan kọjá lára wa pẹ̀lú màlúù rẹ̀: ọ̀pá lórí èjìká, kẹ́ẹ̀gì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó wo ẹrù wa títí, ó wá bi mí bóyá ilé la kó jáde.

Nísinsìnyí, wọ́n ní Ọgbà Ọ̀yọ́ Àtijọ́ ló kàn lóṣù Ọ̀pẹ, láti apá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Igbó ńlá ni, kìlómítà 2,512 níbùú lóòró, èèyàn kì í sì dá wọ̀ ọ́ láìsí olùṣọ́. Wọ́n ti kọ gbogbo ẹrù wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gíráàmù rẹ̀. Mo kà á tán, mo tún un kà. Omi ò sí níbẹ̀. Mo ti lọ bá ọlọ́kadà kan ní gáréèjì, mo ní àwọn àlejò mi ń bọ̀, ẹrù wọn fúyẹ́ gan-an ni. Ó ní òun á kọ́kọ́ gbé e wò.