Ẹ Wá Bá Mi Ka Èèyàn

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará. Mo ní kí n gba oyè ọ̀mọ̀wé, n kò mọ̀ pé èèyàn tí ẹlòmíràn ti kà ni yóò pa mí.

Ọ̀gá mi ní ìwádìí mi lórí àwọn abiyamọ dára, ó ku kí n fi iye èèyàn tuntun tì í lẹ́yìn. Tuntun kẹ̀! Ní 2006 la ka èèyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, a jẹ́ 140,431,790. Ọmọ tí wọ́n kà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà náà ti wọ yunifásítì, èmi ni mo ń kọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn yóò tún kà ní oṣù karùn-ún 2023, mo ti ń fọwọ́ pawọ́. Wọ́n tún ní ó di ọwọ́ ìjọba tuntun. Ìjọba tuntun ọ̀hún ti ń gbó lọ.

Èyí tí a rí kà náà, tìjàtìjà ni. Ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Kánò jẹ́ 9,401,288, Èkó 9,113,605. Èkó ní irọ́ ni, àwọn ka tàwọn, àwọn jẹ́ 17,552,942. Èwo ni kí n kọ? Èmi kọ́ ni mo bí wọn o. Ọjọ́ orí ńkọ́? Ẹni ogójì ọdún pọ̀ bí eṣú, ẹni mọ́kànlélógójì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ẹ bi ìyá àgbà léèrè, wọ́n á ní, "Kọ ọgọ́ta síbẹ̀, ọmọ mi."

Ni mo bá sá tọ ìwádìí DHS lọ, èyí tí wọ́n fi ń bi àwọn obìnrin léèrè ọ̀rọ̀ ìlera àti ọmọ bíbí láti ilé dé ilé. Ọ̀fẹ́ ni nígbà náà, béèyàn bá ti forúkọ sílẹ̀. Mo ṣí fáìlì: v005, v012, v024. Àbí nọ́ńbà ọkọ̀ ni? v005 yìí ló bayé mi jẹ́. Òun ni òṣùwọ̀n bí obìnrin kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó nínú ìṣirò, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi mílíọ̀nù kan pín in. Ta ló sọ fún mi? Obìnrin 41,821 tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní 2018 bá di bílíọ̀nù 41 lọ́wọ́ mi. Gbogbo ayé, tọkùnrin tobìnrin, kò tó bílíọ̀nù 9! Ọ̀gá mi bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. "Ọ̀mọ̀wé ọ̀la, níbo ni wọ́n ń gbé?"

Ìgbà tí mo wá mọ̀ ọ́n pín tán, ní oṣù kejì 2025, Amẹ́ríkà dá owó tó ń ná sórí ìwádìí DHS náà dúró.

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́ ẹ mọ fáìlì wọ̀nyí bí ẹni mowó, wákàtí méjì péré ni mo ń tọrọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì mí. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje wà nílẹ̀.